Pèpéle Abẹ́ Omi

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá wa kọ́ mi ní yàrá eku ni pé kí n dúró lójú kan. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa àmì sílẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni kí n máa dúró sí lójoojúmọ́, kí n má ṣí lọ ṣí bọ̀, kí n má pààrọ̀ aṣọ iṣẹ́ funfun mi, kí n má sì kọrin. Mo rò ó lọ́kàn mi pé wọ́n kàn fẹ́ràn òfin ni. Irú wọn pọ̀ ní yunifásítì, àwọn tó jẹ́ pé òfin ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀. Mo ní, “Ẹ ṣé, mà,” mo sì lọ dúró.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà yẹn. Mo padà sí ilé ìwé láti gba oyè kejì, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ ìyá mi ní Kétu, ní yàrá tí mo ti dàgbà. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti lọ́mọ méjì, mẹ́ta. Èmi ní eku mẹ́rìnlélógún.

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe rí. Táǹkì omi dúdú ńlá kan, irú èyí tí gbogbo ilé àdúgbò wa ń gbé sórí òpó irin, la gé sí méjì láàárín. Ìdajì ìsàlẹ̀ la pọnmi kún, a sì po mílíìkì oníyẹ̀fun mọ́ ọn títí ó fi dà bí ògì. Lábẹ́ omi yìí ni pèpéle kékeré kan wà, kò ju ojú àwo oúnjẹ lọ, omi sì bò ó díẹ̀ tí ojú ò fi lè rí i. A ó gbé eku funfun sínú omi. Eku mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn rẹ̀. Yóò máa wẹ̀ kiri, yóò máa ha etí táǹkì, títí yóò fi ṣèèṣì gun pèpéle náà, tí yóò sì mí kanlẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, a ó fi ọwọ́ darí rẹ̀ débẹ̀. Lọ́jọ́ kejì yóò yá díẹ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún, eku tí ọpọlọ rẹ̀ pé kò wá nǹkan kan kiri mọ́, tààrà ló ń lọ. Àmì ara ògiri ló fi ń mọ̀nà: àgbélébùú tí a fi aṣọ pupa gé, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kan, fèrèsé, ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ kẹfà ni ìdánwò. A ó yọ pèpéle kúrò pátápátá, a ó sì ju eku sómi. Èyí tí kò rántí nǹkan kan á máa wẹ̀ ká gbogbo táǹkì bí ẹni tó wá ṣeré. Èyí tó rántí á lọ sí ibi tí pèpéle wà tẹ́lẹ̀, á máa yí ibẹ̀ po, á máa yí ibẹ̀ po. Ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ la fún un. Lọ́jọ́ náà, a kì í ràn án lọ́wọ́. Aago nìkan la máa ń wò, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ pé.

Kí eku tó wọmi, a máa ń gún un lábẹ́rẹ́ níkùn. Ohun kan wà nínú ọpọlọ, ti eku àti ti ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní sẹrotónìn. Ìránṣẹ́ ni. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ iṣan ọpọlọ kan dé ọ̀dọ̀ èkejì, bó bá sì dé ọ̀hún, ilẹ̀kùn ló máa ń kàn. Ilẹ̀kùn náà kì í ṣe oríṣi kan. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bó bá ṣí, ara á balẹ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bó bá ṣí ni ẹ̀kọ́ tó lè wọlé. Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé bí a bá tì í pa gan-an ni eku á rántí ohun tó kọ́ lánàá. Èyí tí a ń tì yìí ni iṣẹ́ tèmi dá lé. Eku méjìlá gba oògùn tó ń ti ilẹ̀kùn, méjìlá gba omi iyọ̀ lásán.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, ooru sì mú bí ẹni pé wọ́n dáná sábẹ́ wa. Mo kúrò lójú ṣọ́ọ̀kì, mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn eku tó ti mọ̀nà lánàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo rò pé oògùn ló bàjẹ́. Ọ̀gá wa wọlé. Wọn ò wo eku rárá, ilẹ̀ ni wọ́n wò.

“Ta ló ní kó o kúrò níbẹ̀?”

Mo ní, “Ooru ni, mà.”

“Ìwọ náà wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ̀nà. Àbí o rò pé ògiri nìkan ni wọ́n ń wò?”

Iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ náà di òfo. Mo kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé mi, mo fa ìlà pupa sí abẹ́ rẹ̀, mo sì gbàgbé rẹ̀.

Aránṣọ ni Mummy. Láti Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti bá bàbá mi wá sí Èkó, ẹ̀rọ ìránṣọ sì wà lórí wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dé, gẹ́gẹ́ bí àwọn fúnra wọn ṣe máa ń sọ. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòsí, ibẹ̀ ni wọ́n ti rán yunifọ́ọ̀mù fún ọmọ, tí wọ́n sì tún rán an fún ọmọ tí ọmọ náà bí. Nígbà tó yá, àwọn tó ni ilẹ̀ tà á. Katakátá wá lọ́jọ́ kan, ó wó gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìlà yẹn. Ẹni tó ra ilẹ̀ náà ò kọ́ nǹkan kan síbẹ̀ títí di òní. Yẹ̀pẹ̀ ló kàn dà sí i. Mummy gbé ẹ̀rọ wálé, wọ́n ní ó dáa náà, ẹsẹ̀ àwọn á sinmi.

Ara aṣọ ni mo ti kọ́kọ́ rí àìsàn náà. Wọ́n rán apá òsì méjì mọ́ ẹ̀wù kan. Ẹni tó ni í dá a padà, Mummy tú u, wọ́n tún un rán, apá òsì méjì náà ni. Wọ́n jókòó, wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n ń wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da iyọ̀ sẹ́wà lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n sì ń béèrè bóyá Daddy ti jẹun. Daddy ti wà nínú ilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú tipẹ́. Dókítà sọ orúkọ àìsàn náà fún wa, ó ní kò ní oògùn tó ń wò ó, èyí tó ń fà á sẹ́yìn díẹ̀ ló wà. Mo wo ẹnu dókítà, inú bí mi sí i, bí ẹni pé òun ló kó o ran wọn.

Mummy mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Wọ́n máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé owó súkúù àwọn ló sọ mí di ẹni tó ń wẹ eku. Lọ́jọ́ kan tí ara wọn yá, tí ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere, wọ́n bi mí pé, “Oògùn tí ẹ̀ ń gún fún eku yẹn, tó ń jẹ́ kí wọ́n rántí, ṣé ẹ ò lè bu díẹ̀ fún mi ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Mummy, eku ni wọ́n ṣe é fún o.”

Àwọn náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ṣé eku sàn jù mí lọ ni?”

Títí di òní ni ẹ̀rín yẹn ń dùn mí. Wọn ò mọ̀ pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an mo ti ṣí fíríìjì yàrá eku, tí mo sì di ìgò náà mú lọ́wọ́. Ọ̀gá wa bá mi níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ nípa Mummy, wọn ò sì jágbe mọ́ mi. Wọ́n ní àwọn mìíràn ti gbé irú oògùn bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, kò sì ṣe nǹkan kan fún wọn. Wọ́n ní ọpọlọ eku wa pé, ìrántí rẹ̀ ni a kàn ń ràn lọ́wọ́. Ọpọlọ aláìsàn ń kú lọ ni, kò sì sí bí a ṣe lè ti ilẹ̀kùn ilé tó ń wó. Mo dá ìgò padà. Mo lọ sunkún ní ilé ìtọ̀, mo sì padà wá bọ́ eku.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé ní Gbàgádà, nínú estate kan tó ní géètì àti àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ń ṣe, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, kì í ṣe pé wọ́n burú. Wọ́n wá lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

“Mummy ò lè máa dá jáde mọ́,” wọ́n sọ fún mi, níṣojú Mummy. “Mo fẹ́ kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Estate yẹn secure. Gate wà, security wà.”

Mummy gbójú sókè. “Géètì? Ṣé mo jalè ni?”

“Ẹ̀ẹ́n, Mummy, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ now. For your own good ni.”

“Mi ò lọ ibì kankan. Kétu yìí ni mo ti fẹ́ kú.” Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú. “Sọ fún un. Sọ fún un pé mo ṣì mọ̀nà.”

Báyìí ni mo ṣe dá sí i. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí Mummy bá lè dá lọ ra búrẹ́dì kí wọ́n sì dá padà wálé, kí ẹ̀gbọ́n mi fi Mummy sílẹ̀ nílé wọn. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n gbà. Mummy ò fi ọwọ́ mi sílẹ̀ títí tí mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi fi jáde ní àdúgbò.

Kí ni èmi wá ṣe? Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe náà ni. Mo ra ìwé kékeré kan, mo sì ń kọ́ ìyá mi bí mo ṣe ń kọ́ eku. Láti ilé wa dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì ní Ìkòsí, àmì mẹ́ta ló wà: tiransífọ́mà, ilé tí wọ́n ti ń ta omi, ṣọ́ọ̀ṣì tó ní òrùlé búlúù. Mo fi wọ́n kọ́ Mummy bí orin. Tí wọ́n bá wá ń lọ, èmi á wà lẹ́yìn wọn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá, mi ò ní sọ̀rọ̀, màá máa wo aago fóònù mi. Ní ọjọ́ kìíní wọ́n ṣìnà ní tiransífọ́mà, mo fi ọwọ́ darí wọn. Ní ọjọ́ kejì wọ́n dúró pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó yà. Ní ọjọ́ karùn-ún wọ́n lọ tààrà, wọ́n ra búrẹ́dì, wọ́n tún bá oníbúrẹ́dì ṣàwàdà, wọ́n sì padà wálé. Inú mi dùn débi pé mo jó díẹ̀ ní kòrídọ̀.

Mo rí i pé ní gbogbo oríta ni wọ́n ń wẹ̀yìn. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé náà: ó wẹ̀yìn, ó wẹ̀yìn, ó tún wẹ̀yìn. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ṣùgbọ́n èmi ò sunkún, ayọ̀ ni mò ń yọ̀, mi ò sì ríran.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. “Mummy ti mọ̀nà o!”

“Ṣé ìwọ wà níbẹ̀?”

“Mo wà lẹ́yìn wọn.”

“Then o ò tíì dán wọn wò. Ní ọjọ́ tí o ò bá sí lẹ́yìn wọn ńkọ́?”

Ó dùn mí nítorí pé òótọ́ ni. Ọjọ́ kẹfà ló kù.

Àárọ̀ Sátidé ni. Mummy wé gèlè kékeré wọn, wọ́n jáde. Mo tẹ̀ lé wọn dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Bí wọ́n ṣe ń mú búrẹ́dì ni mo sá pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan tó gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo sì tẹ aago. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, wọ́n wẹ̀yìn. Wọ́n dúró. Wọ́n tún wẹ̀yìn. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, búrẹ́dì wà ní àyà wọn bí ọmọ tuntun. Mo rí ojú wọn. Mo ṣì ń rí i. Ìyá mi ni ó dúró síbẹ̀ tí ẹnu wọn là díẹ̀, tí wọ́n ń wá mi láàárín àwọn ènìyàn tó ń kọjá, èmi sì wà níbi tí mo lè pè wọ́n tí wọ́n á gbọ́. Mo sọ fún ara mi pé, má fọwọ́ kàn án. Ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ kọjá, mo fi kún un. Mo fẹ́ kí wọ́n yege. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo fi wọ́n sílẹ̀ sínú omi.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà ilé. Mo jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Tírélà tòmátò kan tó ń lọ sí Mile 12 ń fi ẹ̀yìn rìn ní oríta, àwọn ènìyàn ń pariwo, “Ẹ dúró! Wait! Wait!” Nígbà tó fi máa kúrò lọ́nà, Mummy ò sí níbẹ̀ mọ́.

Mi ò lè sọ gbogbo ọjọ́ yẹn tán. Mo sáré dé ilé, mo sáré dé gáréèjì Kétu, mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì olórùlé búlúù, wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde aṣọ tí Mummy wọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dé, wọ́n gba apá òpópónà lọ. Oòrùn mú títí ó fi rọ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà kan, mo wá bi ara mi ní ohun tó yẹ kí n ti bi láti àárọ̀: eku tó wá pèpéle tí kò rí i, níbo ló ń lọ?

Orí yẹ̀pẹ̀ yẹn, níbi tí ṣọ́ọ̀bù Mummy wà tẹ́lẹ̀, ni mo ti rí wọn. Obìnrin kan tó ń sun àgbàdo létí ọ̀nà ló kọ́kọ́ rí mi.

“Aunty, ṣé ẹ̀yin lẹ ni Mama yìí? Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń yí ibẹ̀ yẹn po o. Mo ní kí wọ́n wá jókòó, wọ́n ní customer ń bọ̀.”

Mummy ń rìn yí ojú kan po, níbi tí ẹ̀rọ wọn máa ń wà. Bàtà wọn kan ti bọ́. Ẹsẹ̀ wọn ti gé ọ̀nà róbótó sínú yẹ̀pẹ̀ náà. Búrẹ́dì ti rún mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní yàrá eku, bí eku bá ṣe báyìí, inú wa máa ń dùn, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ pé. Kò sí ọjọ́ kan tí mo bi ara mi bó ṣe rí lára eku náà.

Mo dì mọ́ wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n sì bá mi wí bí wọ́n ṣe máa ń bá mi wí nígbà tí mo wà ní kékeré.

“Níbo lo lọ? Mo wẹ̀yìn, mi ò rí ẹ. Mo ní bóyá o ti ṣáájú mi wá sí ṣọ́ọ̀bù.”

Ọ̀rọ̀ tí mo fa ìlà pupa sí abẹ́ rẹ̀ wá bá mi lórí yẹ̀pẹ̀ yẹn. Kì í ṣe tiransífọ́mà ni wọ́n fi ń mọ̀nà, kì í ṣe òrùlé búlúù, èmi tí mo wà lẹ́yìn wọn ni. Mummy ò gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́. Èmi ni mo gbàgbé.

Ọjọ́ kejì ni Mummy kó lọ sí Gbàgádà. Wọn ò jà. Wọ́n rò pé ìbẹ̀wò ni. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi wí, wọ́n tilẹ̀ fi ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n ní mo ti gbìyànjú. Mo sọ fún wọn pé Mummy ṣìnà lójijì ni. Mi ò sọ pé mo dúró, mo ń wò wọ́n, mo di aago mú. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di ìsinsìnyí.

Iṣẹ́ mi yọrí sí rere. Àwọn eku tó gba oògùn rántí ju àwọn tó gba omi iyọ̀ lọ, ọ̀gá wa bọ̀ mí lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà a pa gbogbo wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, a yọ ọpọlọ wọn, a kó wọn sínú ìgò kéékèèké. Mo gba oyè. Mi ò tún wọ yàrá eku mọ́.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń lọ sí Gbàgádà. Mummy máa ń rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé géètì, wọ́n á sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé àwọn ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀ṣọ́ á ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Mummy, ó di ọ̀la,” wọ́n á sì padà. Èmi á wà lẹ́yìn wọn, ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, wọn ò mọ orúkọ mi mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń wẹ̀yìn. Màá gbé ọwọ́ sókè, ojú wọn á sì balẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo wọ aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ búrẹ́dì. Wọ́n jáde, mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n kọjá ilé kìíní, wọ́n kọjá ìkòkò òdòdó, wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti yà. Mo dúró lójú kan, mo gbé ọwọ́ mi sókè dè wọ́n. Wọ́n lọ tààrà dé géètì, wọn ò wẹ̀yìn.